Ilé Tuntun fún Sísí

Tí àwọn ará ilé wa bá bi mí pé kí ni mo rí nílẹ̀ Nàìjíríà, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó epo, ilé alájà púpọ̀, àti ọ̀nà ọlọ́dà tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ẹja kan ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹja pupa kékeré ni, ẹja góòlù, bí àwọn tó ń sìn ín ṣe ń pè é, ìrù rẹ̀ sì gùn bíi gáùn ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì. Sísí lorúkọ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ni ín, síbẹ̀ ó fún mi ní wàhálà ju gbogbo àwọn ọmọ tí kò fẹ́ kọ́ èdè Faransé lọ.

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Faransé. Nígbà tí mo ń lọ, mi ò ka ibẹ̀ sí òkèèrè rárá. Yorùbá ni wá, Yorùbá ni wọ́n. Mo sọ fún ìyá mi pé ilé ẹ̀gbọ́n ni mò ń lọ. Ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n náà ní onílé." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbàlagbà kàn ń ṣàròyé ni.

Ẹnìkan ní ilé-ìwé ló júwe ilé Màmá fún mi. Ó ní opó ni, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ní yàrá kan tó ṣófo. Mo kan ilẹ̀kùn. Ohùn kan jáde láti inú ilé: "Lèsí?"

Mo dúró, mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kò sí ẹnìkankan.

"Lèsí nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni Lèsí," ni mo dáhùn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè "ta ni" nìyẹn, èmi ò mọ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, mo rí i pé ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú. Ohun funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò tó rò pé ojú mi ló ń wò.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Wọlé, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pa mí lẹ́rìn-ín báyìí."

Kò béèrè ìwé, kò béèrè ẹni tó máa dúró fún mi. Bí mo ṣe di ará ilé Màmá nìyẹn.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo mọ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ń gbọ́ èdè wọn, mi ò gbọ́ ọ. Tí àwọn obìnrin méjì bá ń sọ̀rọ̀ lójú pópó, mo máa ń mú ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ìyókù a sì lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Tí èmi náà bá la ẹnu, wọ́n á bi mí bóyá Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá tàbí Òkè-Ògùn, nígbà tí mo bá sì ní Kétu, wọ́n á ní, "Ẹ̀ẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará ibẹ̀," bí ẹni pé ibẹ̀ jìnnà ju London lọ. London kò jìnnà sí wọn. Ilé wo ni kò ní ọmọ ní London?

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Olùkọ́ kejì tó yẹ ká jọ máa ṣe é ti lọ kí n tó dé, wọn ò sì rí ẹlòmíràn mú. Èmi nìkan ni mò ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, ẹfun á kún irun mi, ọ̀fun mi á gbẹ. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Mádàámù Bọnjúù. Wọn kò burú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti Odógbolú, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mà, ta la máa bá sọ Faransé ní Odógbolú?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń le jù. Àwọn ènìyàn á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òórùn ọbẹ̀ á máa jáde láti ojúlé dé ojúlé, a sì máa gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ara wọn láti ìyẹ̀wù dé ẹ̀yìnkùlé. Èmi á jókòó sórí ibùsùn mi, màá máa ṣàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Kò kàn sí ẹni tó máa pe orúkọ mi ni.

Ìyẹn ni mo fi máa ń lọ sí pálọ̀ Màmá. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Sísí. Ṣadé, ọmọbìnrin Màmá, ló ń sìn ín l'Ékòó. Nígbà tó fẹ́ tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí London, ó gbé ẹja náà wá fún ìyá rẹ̀. Inú ìgò súwíìtì ńlá kan ló wà, irú èyí tí wọ́n máa ń tò sí iwájú ìsọ̀, lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ẹja tí a kò ní jẹ, tí a tún ń bọ́!

Màmá ló là mí lóye. Ó ní, "Ojú mi ò rí Bíbélì mọ́. Kò rí ojú ènìyàn. Ẹni tó bá dúró níwájú mi, òjìji lásán ni. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá wọlé, tí Sísí bá yí padà báyìí, mo máa ń rí pupa ẹ̀. Òun nìkan ló kù tí mo lè rí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a fún ẹja náà lóúnjẹ. Mo ṣàkíyèsí pé ohùn ènìyàn ni Màmá fi ń mọ bí ara ẹni ṣe rí. Tí ohùn mi bá wálẹ̀, á ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló bí ẹ nínú?" Mi ò fẹ́ kó máa dààmú. Nítorí náà, kí n tó wọ pálọ̀, màá kọ́kọ́ dúró ní kọ́rídọ̀ ná, màá mí kanlẹ̀, màá wá fi ọ̀yàyà kí i. "Màmá, ẹ kú ilé o!" Á ní, "Ẹlẹ́rìn-ín mi ti dé." Ohùn kò náni ní nǹkan kan. Àmọ́ tí mo bá padà sí yàrá mi, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó gbé omi láti odò.

Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Mo ní ìwé tèmi, ṣùgbọ́n ìwé kì í hàn lójú ẹni. Mo rí àwọn ènìyàn ní gáréèjì pẹ̀lú báàgì aláǹkara àti àdìrò kẹrosíìnì lórí, wọn kò wo ẹ̀gbẹ́ kankan. Ọ̀nà ilé-ìwé ni mo ń gbà kọjá níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn, bó tilẹ̀ jìn.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wá. Ọmọ àbúrò Màmá ni, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ló ń gbé, ó sì máa ń wá wo Màmá déédéé. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Tó bá dé, kó tó jókòó, á ti fi ìka ra ojú fèrèsé wò bóyá eruku wà. Èmi wà ní ilé ìdáná, mo sì ń gbọ́ wọn.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹni tí a ò mọ ilé bàbá ẹ̀."

"Kétu ni ilé bàbá ẹ̀."

"Kétu ìlú àwọn Faransé!"

"Bọ́sẹ̀, ọmọ ta ló tẹ Kétu dó? Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìtàn yẹn ní píríámárì. Àbí o sùn ní kíláàsì mi?"

Mo dúró lórí ìkòkò, omijé ń bọ́ sínú àlùbọ́sà, mo sì ní àlùbọ́sà ló fà á.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn dókítà ní Ìbàdàn ránṣẹ́ sí Màmá pé kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ilé ìbátan rẹ̀ kan níbẹ̀ ló máa wà títí ojú náà á fi san. Ọjọ́ tó kù ọ̀la kó lọ, ó pè mí sí pálọ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ Màmá sínú àpótí.

"Sísí ti dàgbà ju ìgò yìí lọ," ni Màmá wí. "Mò ń gbọ́ bó ṣe ń na ìrù mọ́ ọn. Bá mi ṣe ilé tuntun fún un. Tí mo bá dé, tí wọ́n bá ti la ojú mi, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé kí n má bá yín ṣe é, Màmá?"

"Ìwọ máa tọ́jú ilé. Ẹja, ọmọ yìí ni mo fi lé lọ́wọ́."

Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé kó má ṣèyọnu. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí ẹja onílé bá kú lọ́wọ́ àlejò, kò sẹ́ni tó máa dá omi lẹ́bi. Ẹni kan ṣoṣo tó dúró fún mi nílùú náà, ohun kan ṣoṣo tó ń rí láyé ló gbé lé mi lọ́wọ́ yìí.

Mo lọ bá wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Ìbẹ̀fun, Ràṣídì lorúkọ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ wọn bí mo ṣe fẹ́ kó gùn tó àti kó ga tó: kó fi irin ṣe igun rẹ̀, kó fi dígí yí i ká. Ó ní kí n má sọ mọ́, ó ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti parí rẹ̀. Ó dára lójú gan-an, ó tilẹ̀ ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó sì ti ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n lè fà sí ọ̀tún àti sí òsì.

"Ilẹ̀kùn wá ń kọ́?" ni mo béèrè.

"Mádàámù, níbo lẹ ti máa máa mú ẹja?"

"Ẹja wo?"

"Ẹja díndín tí ẹ fẹ́ máa tà. Ṣebí ẹ ní ẹja ni. Gbogbo àwọn oníbàárà mi ní Ìmùṣin, báyìí ni mò ń ṣe ṣóògíláàsì wọn."

"Ọ̀gá Ràṣídì, ẹja tó wà láàyè ni. Omi ló máa wà nínú ẹ̀."

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣe, ó wò mí padà. "Ẹja tó wà láàyè, nínú pálọ̀?" Ó jókòó sórí taya, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìdodo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin olówó ìlú yìí ẹ ó pa wá!" Ó pè mí ní olówó, èmi tí mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Ṣùgbọ́n ènìyàn dáadáa ni. Ó yọ ilẹ̀kùn náà, ó fi odindi dígí dí i, ó sì lọ wá gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ dígí mọ́tò láti fi dí gbogbo ojú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bu omi sí i, ó jò bíi ajere. Ìgbà kejì, igun kan ṣoṣo ló ń sunkún. Ìgbà tó wá dúró, Ràṣídì gbá àyà, ó ní òun ni wẹ́dà àkọ́kọ́ tó kọ́lé fún ẹja ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mi ò jà á níyàn.

Ṣadé ti kọ́ Màmá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Màmá sì ti kà á sí mi létí bí ìwé òfin kó tó lọ. Kí n fọ yanrìn títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Kí n má lo omi ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí oògùn tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀. Kí n bu díẹ̀ nínú omi àtijọ́ mọ́ omi tuntun, kí ẹja má bàa ka ibẹ̀ sí ilé àjèjì.

Omi òjò ni mo lò, láti inú dúrọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ṣòro fún mi. Ní Kétu, omi kì í ṣe ohun eré. Ilẹ̀ wa ga, kànga ibẹ̀ jìn, omi òjò ni ìyá mi máa ń tọ́jú sínú ìkòkò ńlá. Kì í jẹ́ ká mu ún lọ́jọ́ tó bá wọlé. Á ní, "Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ẹ jẹ́ ó sinmi ná." Bí mo ṣe ń rọ omi náà sínú táǹkì Sísí, mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú sì bí mi lójijì. Èmi náà ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá. Ta ló ní kí n sinmi?

Mo kó yanrìn sí i, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ sí igun kan, mo jẹ́ kí omi náà sùn. Mo wá bu ìdajì omi inú ìgò mọ́ ọn, mo sì fi ọwọ́ gbé Sísí wọlé. Ó dúró ní àárín fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí kò gba ohun tó rí gbọ́. Ó wá na ìrù rẹ̀ gbọọrọ, ó lúwẹ̀ẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láì yí padà. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan nínú pálọ̀, mo ń pàtẹ́wọ́ fún ẹja.

Ìgò àtijọ́ náà pẹ̀lú ìdajì omi rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó yẹ kí n fọ̀ ọ́ kí n gbé e pamọ́. Ó ti rẹ̀ mí, mo tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní ọjọ́ kejì láti pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kutọnu. Wọ́n ti ti bọ́dà nígbà náà, lẹ́tà kò lọ dáadáa, èmi náà kò lè lọ. Àwọn ènìyàn pọ̀ lórí ìlà. Tí wọ́n bá so ẹ́ pọ̀, àfi kó o pariwo, gbogbo ìlà á sì máa bá ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ.

"Ìyá ní kí n bi ẹ́, ṣé o ti sanra?"

"Mo ti sanra, bùrọ̀dá!"

"Wọ́n ní kí ni o ń jẹ?"

"Mò ń jẹ gbogbo nǹkan! Ẹ ní mo kí wọn!"

"Kí lo wá ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí?"

"Mò ń kọ́lé!"

"Ilé kẹ̀?"

"Ilé ẹja!"

Ó ní, "Ṣé ara rẹ yá báyìí?" Mo ní ara mi yá. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ń fi aṣọ bo ẹnu kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo rántí pé mi ò tíì béèrè àlàáfíà ìyá mi, ìyẹn ni mo tìtorí ẹ̀ lọ.

Omi táǹkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín, ó wá funfun bí omi ẹ̀kọ, débi pé Sísí ń wọ inú rẹ̀ lọ tí a ò ní rí i mọ́. Ṣadé ti sọ fún Màmá pé bẹ́ẹ̀ ni táǹkì tuntun ń ṣe, pé ká fi í sílẹ̀, á mọ́ fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀. Ó kùn sínú, ó ní, "Omi tó dọ̀tí, ká fi í sílẹ̀ kó mọ́ fúnra ẹ̀. Ọgbọ́n Faransé." Wọ́n ti ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé ojú Màmá ti san, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló ń da Àǹtí Bọ́sẹ̀ láàmú.

Mo ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Wá wò ó. Mo ti bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Omi náà mọ́. Ó mọ́ débi pé ó dà bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀ rárá. Òkúta ìsàlẹ̀ ń dán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdọ̀tí funfun bíi òwú ti sùn sórí yanrìn. Mo ti mọ ohun tó ṣe kí n tó béèrè. Kò sí ilé ìdáná kan ní àdúgbò yẹn tí kò ní i: tí omi kànga bá pọ́n, wọ́n á ju álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á rò ó, ìdọ̀tí á sì wálẹ̀. Ìyá Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló kọ́ ọ. Èmi náà ń mu omi náà lójoojúmọ́.

"Àǹtí, ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i?"

"Mo rò ó dáadáa. Ṣé o rí i bó ṣe mọ́?"

Sísí wà lókè omi, ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe. Mo ju àpò mi sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Inú garawa? Inú ike? Mo wá rántí ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí mi ò fọ̀, pẹ̀lú omi àtijọ́ tó ti ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àárẹ̀ ló gba ẹ̀mí ẹja yẹn là, ká sọ òótọ́. Ká ní obìnrin tó já fáfá ni mí, ìgò náà ì bá ti mọ́, ì bá ti gbẹ.

Mo rọra fi í sínú rẹ̀, mo ń fi ìka tì í kó lè máa lọ kó máa bọ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀ dúró lórí mi.

"Kí ni mo ṣe? Mi ò mọ̀ o. Ìdọ̀tí ni mo ní kí Màmá má bá níbẹ̀. Màmá á ní mo pa á. Wọ́n á ní mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á torí pé wọn ò fi lé mi lọ́wọ́."

Mo gbójú sókè wò ó. Mo ti rò pé èmi nìkan lẹ̀rù ń bà nínú ilé yẹn.

"Ẹ wá omi òjò, Àǹtí. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Omi dúrọ́ọ̀mù wa ti tán."

Ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó jáde. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí eruku kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ń rù ú wá ní garawa kọ̀ọ̀kan. Èmi ń gbọ́n omi álọ́ọ̀mù jáde nínú táǹkì, mo ń dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A tún yanrìn náà fọ̀. Mi ò rántí pé a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, ó bi mí pé, "Ní Kétu, ṣé ẹ̀yin náà ń fi álọ́ọ̀mù sí omi?" Mo ní omi òjò la ń lò. Ó ní, "Ìyẹn ló fi yé ẹ." Ó sì ń wo ìgò.

Sísí kò kú. Kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó gba ẹyọ oúnjẹ kan, ó tu ú dànù, ó tún lọ mú un. A dá a padà sínú ilé rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí Màmá dé. Ṣùgbọ́n etí ìrù rẹ̀ ti ya, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti funfun. Pupa tí Màmá máa ń rí lókèèrè yẹn ti dín kù. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ní ilé-ìwé, mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, mi ò lè parí rẹ̀, àwọn ọmọ ló bá mi parí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Màmá dé. Wọ́n fún un ní awò tó nípọn bí ìdí ìgò, ojú rẹ̀ tóbi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wo ògiri ilé ara rẹ̀ bí àlejò. Kò jẹ́ kí a mú un lọ́wọ́. Ó lọ tààrà sí ìdí fèrèsé. Èmi àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ṣe ń mí.

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ṣé Sísí nìyí?"

"Òun ni, mà," ni mo wí.

"Kò ju báyìí náà lọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lójú mi, ó tóbi bí iná! Ẹ wo ẹja kékeré tí mo ń bá sọ̀rọ̀."

"Màmá," ni Àǹtí Bọ́sẹ̀ wí, "ohun kan ṣẹlẹ̀, èmi ni mo..."

"Ó wà láàyè, àbí kò sí láàyè?"

"Ó wà láàyè, mà."

"Ó tán nìyẹn."

Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà tí mo máa fi kí i sẹ́nu: ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu, ojú yín dára o. Kí n tó sọ ọ́, ó yí padà sí mi. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò. Ojú mi gan-an ló ń wò. Ó fi ọwọ́ di àgbọ̀n mi mú, ó fà mí sún mọ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ìwọ rè é," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo rò pé ọmọ tó sanra ni ẹ́. Ohùn ẹ ló ń tàn mí." Ó ń wo abẹ́ ojú mi, ó ń wo egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń wo ọrùn mi. "Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Bọ́sẹ̀, wo ojú ọmọ yìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́tipẹ́, ẹnìkan kò sì sọ fún mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá ohùn tí mo máa ń tọ́jú ní kọ́rídọ̀, mi ò rí i. Ohùn mi gan-an ló jáde, ó kéré, mi ò tíì gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ìyá mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo wí. "Ó rẹ̀ mí."